Ibi Tí Agbára Ti Ń Wá: Ìtàn Ẹ̀rọ Idán Nínú Ìwé Àròsọ

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi ni ewì gígùn tí wọ́n ń pè ní Iliad fìdí múlẹ̀ lẹ́nu àwọn akéwì ilẹ̀ Gíríìsì. Homer ni wọ́n sọ pé ó ni ín. Ní apá kejìdínlógún ewì náà, ìyá akọni kan gbéra, ó lọ bẹ Hephaestus, òrìṣà alágbẹ̀dẹ, pé kó rọ ohun ìjà tuntun fún ọmọ òun. Ogún ẹwìrì ni akéwì kà nílé àgbẹ̀dẹ náà, kò sì sí ọmọ-iṣẹ́ kankan tó ń fín wọn. Bí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ iná, wọ́n á fẹ́ ẹ líle bó bá fẹ́ líle, wọ́n á fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ bó bá fẹ́ jẹ́jẹ́. Ogún àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi kẹ̀kẹ́ wúrà sí nídìí ń dá rìn lọ síbi ìpàdé àwọn òrìṣà, wọ́n sì ń dá padà wálé. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀, tó jẹ́ arọ, dìde, àwọn wúńdíá tó fi wúrà rọ ló fara tì. Wọ́n gbọ́n, wọ́n ń fọhùn, wọ́n sì mọ iṣẹ́ ọwọ́. Kò sí ibì kankan tí akéwì ti sọ ohun tó ń gbé wọn rìn. Ọwọ́ òrìṣà ni agbára náà ti wá, ìyẹn sì tó olùgbọ́.

Ó tó nǹkan bí 500 ọdún kí ìdáhùn mìíràn tó yọjú. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, Apollonius ará Rhodes kọ ìtàn àwọn atukọ̀ tó lọ wá irun àgbò oníwúrà. Lójú ọ̀nà wọn ni wọ́n ti pàdé Talos, òmìrán idẹ tó ń ṣọ́ erékùṣù Kírétè, tó ń yí i po lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, tó sì ń sọ àpáta lu ọkọ̀ tó bá fẹ́ gúnlẹ̀. Idẹ ni gbogbo ara rẹ̀, àfi ibì kan lọ́rùn ẹsẹ̀, níbi tí iṣan kan ti gba abẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá. Medea, obìnrin tó mọ oògùn, fi ojú àti ọfọ̀ dè é. Òmìrán náà ṣi ẹsẹ̀ gbé, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ha mọ́ òkúta, ohun tó wà nínú iṣan náà sì ń ṣàn jáde bí òjé tó yọ́. Ó mì síhìn-ín, ó mì sọ́hùn-ún, ó wó lulẹ̀. Agbára ti wá ní ibi tó ń gbé nínú ara ẹ̀rọ. Ó lè jò, ó sì lè tán.

Ilẹ̀ Lárúbáwá àti Páṣíà ni ìtàn náà tún ti gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1206, al-Jazari, ẹlẹ́rọ ààfin ní Diyarbakir, parí ìwé kan tó fi ṣàlàyé ẹ̀rọ oríṣiríṣi pẹ̀lú àwòrán. Ọ̀kan nínú wọn ni aago tó dà bí erin. Nínú ikùn erin náà ni ìkòkò omi wà, abọ́ kan tó ní ihò kékeré kan sì léfòó sórí omi náà. Bí omi ṣe ń wọnú abọ́ díẹ̀díẹ̀ ni abọ́ ń rì, nígbà tí ààbọ̀ wákàtí bá pé, ó rì tán, ó fa okùn, ẹyẹ yí, ọmọ-bọ́ọ̀lù idẹ já bọ́, ère ènìyàn orí erin sì lu ìlù. Ẹ̀rọ gidi ni èyí, kò sí idán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ènìyàn tó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ẹṣin igi dúdú ti gbilẹ̀, èyí tó wà nínú Ẹgbẹ̀rún Òru àti Ọ̀kan. Ẹṣin náà ní èèkàn kékeré lára: bí ẹni tó gùn ún bá yí ọ̀kan, ó fò sókè, bó bá yí èkejì, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ọba gùn ún, ó yí èèkàn àkọ́kọ́, ó ti dé àárín òfuurufú kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó fi ti ìsọ̀kalẹ̀ han òun. Ó wá gbogbo ara ẹṣin náà, ó ń fi ọwọ́ kan ibi gbogbo títí ó fi rí i. Ọmọ ọba yìí kì í ṣe òrìṣà, kì í sì í ṣe babaláwo. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí èèkàn wà ló ni agbára náà, láìka ẹni tó ṣe é sí. Antoine Galland tú ìtàn wọ̀nyí sí èdè Faransé láàárín 1704 sí 1717, Yúróòpù sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Yúróòpù ìgbà náà ti ń wọn nǹkan, ó ti ń ṣírò. Ní 1600, William Gilbert, oníṣègùn kan ní London, ti tẹ ìwé jáde lórí òòfà, ó ní ilé ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà ńlá. Ní 1687, Isaac Newton fi ìṣirò hàn bí ayé, òṣùpá àti oòrùn ṣe ń fa ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni Jonathan Swift, àlùfáà ní Dublin, tẹ Gulliver's Travels jáde ní 1726, ó sì fi erékùṣù kan tó ń fò sínú rẹ̀, Laputa. Erékùṣù yìí yẹ ní dídúró lé lórí, nítorí pé bí Swift ṣe là á kalẹ̀ ni àwọn tó ń dá ayé àròsọ sílẹ̀ ṣì ń là á kalẹ̀ títí di òní. Òkúta òòfà kan wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀, tó rí bí ọkọ̀ ìwunṣọ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ yáàdì 6, ibi tó nípọn jù lára rẹ̀ sì tó yáàdì 3. Ọ̀pá líle gbà á láàárín kọjá, ó sì dúró lórí ọ̀pá náà déédéé tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ tí kò lágbára pàápàá lè yí i. Ìdí kan òkúta náà ń fa ilẹ̀ mọ́ra, ìdí kejì ń tì í. Bí wọ́n bá dojú èyí tó ń fà kọlẹ̀, erékùṣù á sọ̀. Bí wọ́n bá dojú èyí tó ń tì kọlẹ̀, á gòkè. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, á dúró sójú kan.

Agbára náà ní ààlà. Inú ilẹ̀ tí ọba Laputa ń jọba lé lórí nìkan ni ohun àlùmọ́ọ́nì tí òòfà náà ń bá ṣiṣẹ́ wà, nítorí náà erékùṣù kò lè fò kọjá ilẹ̀ náà, kò sì lè gòkè ju máìlì 4 lọ. Láti inú ààlà yìí ni ìṣèlú ìlú náà ti jáde. Ìlú tó bá kọ̀ láti san owó orí, ọba á gbé erékùṣù rẹ̀ dúró lókè wọn, kò ní jẹ́ kí oòrùn tàn sí wọn, kò ní jẹ́ kí òjò rọ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá ṣe agídí, á ju òkúta lù wọ́n. Ìyà tó kẹ́yìn ni kó sọ erékùṣù lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n níbi tí àpáta gíga tàbí òpó òkúta bá pọ̀ sí, ọba ń bẹ̀rù pé ìsàlẹ̀ erékùṣù lè sán, àwọn ará ìlú sì mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù. Láti orí òkúta kan, Swift ti dé orí owó orí, ọ̀tẹ̀ àti ìkóra-ẹni-níjàánu ọba.

Lẹ́yìn òòfà ni iná mànàmáná dé. Luigi Galvani, oníṣègùn ará Bologna, tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1791: ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú ń ta pútúpútú bí irin bá kàn án. Ní 1800, Alessandro Volta to sínkì àti bàbà léra wọn pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀, bátìrì àkọ́kọ́ sì jáde. Ní 1818 ni Mary Shelley, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún kunkun nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, tẹ Frankenstein jáde, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jí òkú tó tò pọ̀. Jules Verne, ní Faransé, fi iná mànàmáná wa ọkọ̀ abẹ́ omi nínú ìwé tó jáde ní 1870, ó sì ṣọ́ra láti sọ pé láti inú omi òkun ni ọ̀gá ọkọ̀ náà ti ń rí sódíọ̀mù tó fi ń ṣe bátìrì rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1871, ni Edward Bulwer-Lytton, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ohun tí Verne kò ṣe. Nínú The Coming Race, ó dá agbára kan sílẹ̀ tí kò sí láyé, ó sì sọ ọ́ lórúkọ: vril. Àwọn ará abẹ́ ilẹ̀ ló ni ín. Wọ́n ń fi wo àìsàn, wọ́n ń fi tan ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń fi darí ojú ọjọ́, òun ló ń gbé ère irin wọn ṣiṣẹ́, òun náà ló sì ń ti ìyẹ́ tí wọ́n fi ń fò lẹ́yìn. Ọ̀pá tí ọwọ́ lè gbé ni wọ́n ń fi í sí. Níwọ̀n bí ọmọdé pàápàá ti lè fi ọ̀pá náà pa odindi ìlú rẹ́, ogun tán láàárín wọn. Ìwé náà tà tó bẹ́ẹ̀ tí John Lawson Johnston, tó ń ṣe omi ẹran sínú ìgò láàárín 1880 sí 1890, fi yọ orúkọ ọjà rẹ̀, Bovril, láti inú orúkọ agbára yẹn.

Láàárín ogún ọdún tó parí ọgọ́rùn-ún ọdún náà, àwọn àlùfáà méjì tí wọn kò mọra wọn kọ ohun tí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gbé láàárín wọn sọ nípa agbára. Robert Codrington, tó pẹ́ ní àwọn erékùṣù Melanesia, tẹ ìwé jáde ní 1891, níbi tó ti ṣàlàyé mana: agbára tí kì í ṣe ti ara, tó lè wà nínú òkúta, nínú ènìyàn tàbí nínú ọ̀rọ̀, tó sì lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn. Ìwé àwọn onímọ̀ ni ìyẹn, ó sì tó ọ̀pọ̀ ọdún kí òǹkọ̀wé àròsọ tó ṣí i. Ní Ọ̀yọ́, Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá tó ń kọ ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú ohun tó kù, ó sì jáde ní 1921.

Nínú ìwé yẹn ni ìtàn Ṣàngó wà, bí àwọn arọ́kin ṣe sọ ọ́ fún Johnson. Ọba náà ní oògùn kan tó fi lè pe mànàmáná. Kò dá a lójú mọ́ pé oògùn náà ṣì ń jẹ́. Ó gun Òkè Àjàká tó wà lókè ààfin, òun àti àwọn ẹrú rẹ̀, àwọn ààyò rẹ̀ àti díẹ̀ nínú àwọn ìbátan rẹ̀. Kò sí ọmọ rẹ̀ kankan nínú wọn. Ó pinnu pé ilé ara òun ni òun yóò kọ́kọ́ dán an wò lórí. Oògùn jẹ́. Ìjì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àrá sán, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ààfin ti ń jó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sì bá iná náà lọ. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé Yúróòpù yóò fi ọgọ́rùn-ún ọdún wá kiri ti wà nínú ìtàn kúkúrú yìí: agbára tí ọjọ́ lè gbó, tí ó ń fẹ́ àdánwò, tí kì í sì í yan ẹni tó máa bà lára.

Agbo àwọn ọdẹ náà ní tiwọn. Wọ́n ní àféèrí tí í pa ènìyàn mọ́ lójú ọ̀tá, wọ́n ní kánàkò tí í sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú, wọ́n ní egbé tí í gbé ènìyàn kúrò nínú ewu lọ sílé. Ìkọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ mọ́ ọn, oògùn á bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. D. O. Fágúnwà, olùkọ́ ọmọ Òkè-Igbó, mú gbogbo rẹ̀ wọ inú ìwé nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba pe ìdíje ìwé kíkọ ní 1936. Ilé ìtẹ̀wé CMS tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Egbé ló gba Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé náà, nínú igbó nígbà tí agbára mìíràn tán. Nígbà tí ọba sì rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ: ohùn ni agbára Olóhùn-iyọ̀, ìmọ̀ èdè ẹranko àti ẹyẹ ni ti Ẹlẹ́gbédè-ọdẹ, ọfà ni ti Èfòìyè. Ìyípadà ńlá ni èyí. Oògùn tí kálukú ń fi pamọ́ sápò di ohun tí a pín láàárín ẹgbẹ́, tí kò sẹ́ni tó ní gbogbo rẹ̀, tí ìrìn-àjò kan ṣoṣo sì nílò gbogbo wọn. Wọlé Ṣóyínká tú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968.

Ọdún kan lẹ́yìn tí Fágúnwà jáde, ní March 1939, John W. Campbell dá ìwé ìròyìn Unknown sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìtàn sáyẹ́ǹsì ló mọ̀ ọ́n mọ́, ó sì fẹ́ kí ìtàn idán náà ní òfin tí kì í yẹ̀. L. Sprague de Camp àti Fletcher Pratt fi onímọ̀ nípa ọkàn ránṣẹ́ sínú ayé àwọn òrìṣà Norway, òfin idán tí James Frazer kó jọ nínú The Golden Bough ní 1890 ló sì fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ohun tó jọra ń fa ara wọn, ohun tó ti fara kanra rí kò yà tán. Robert Heinlein, ní 1940, kọ nípa ìlú kan ní Amẹ́ríkà tí idán ti jẹ́ òwò bí òwò mìíràn, tó ní ìwé-àṣẹ, tó ní ẹgbẹ́, tí àwọn jàǹdùkú sì fẹ́ gbà á mọ́ àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn náà kú ní 1943, ìgbà ogun. Ìlànà rẹ̀ kò bá a kú.

Láàárín 1950 sí 1955 ni ìwé mẹ́ta jáde tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ìdáhùn tirẹ̀ wá. Jack Vance, nínú The Dying Earth ti 1950, sọ ọfọ̀ di ẹrù fún ọpọlọ: babaláwo rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Mazirian kò lè há ju mẹ́rin tó wúwo tàbí mẹ́fà tó fúyẹ́ sórí lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó bá sì ti pè á pa rẹ́ kúrò lórí rẹ̀, kó tó tún há a. J. R. R. Tolkien, ní 1954 àti 1955, kọ nípa òrùka kan tí ẹni tó rọ ọ́ da èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí òrùka yọ́, gbogbo ohun tí ó fi agbára rẹ̀ kọ́ wó tẹ̀ lé e.

Láàárín méjèèjì ni Amos Tutuọla wà, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń ṣe iṣẹ́ ońṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Èkó nígbà tí Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní London ní 1952. Ayé Tutuọla kún fún agbára, àmọ́ agbára náà ń gba ojú ọjà kọjá. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ tọkọtaya inú ìwé náà létí odò, ọkọ fi oògùn sọ ara rẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi, aya ń tukọ̀, ó ń gba tọ́rọ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà àti ìdajì rẹ̀ lórí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà igi funfun kan, wọ́n ta ikú wọn fún ẹnì kan ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti pẹ́ńsì 6. Ẹ̀rù wọn ní tiwọn, wọn kò tà á, wọ́n yá a jáde, èlé rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ẹni tó yá ẹ̀rù dá a padà, ṣùgbọ́n ohun tí a ti tà kì í padà. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń bẹ̀rù, wọn kò sì lè kú. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi ìwé ìṣirò darí idán láìpa idán náà, kí ó ka ojú ìwé wọ̀nyẹn dáadáa.

Ní 1954 ni ìwé rẹ̀ kejì, My Life in the Bush of Ghosts, jáde. Obìnrin iwin kan tí egbò bo gbogbo ara rẹ̀ wá bá ọmọ tó ti sọnù sínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní kó fi ahọ́n lá egbò òun fún ọdún mẹ́wàá. Ọmọ náà kọ̀. Iwin na àtẹ́lẹwọ́, ọmọ wò ó, ó rí ìyá rẹ̀ àti ilé wọn nínú rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn wọn. Ó rí i bí ìyá rẹ̀ ṣe já ewé kan fún obìnrin tó gbé ọmọ elégbò wá. Ó já irú ewé náà, ó fi wo iwin, egbò san, àtẹ́lẹwọ́ yẹn kan náà sì di ọ̀nà tó gbà délé. Tẹlifíṣọ̀n ni Tutuọla pè é. Ọjọ́ 31 oṣù October 1959, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìwé náà, ni tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Ní July 1966, Stan Lee àti Jack Kirby gbé Black Panther jáde nínú ìwé ìtàn alàwòrán, àti Wakanda, ìlú Áfíríkà tó fi irin tó já bọ́ láti òfuurufú lówó, vibranium tó ń gbé ariwo àti ìmìtìtì mì. Ní 1968, Ursula Le Guin kọ nípa erékùṣù Earthsea, níbi tí mímọ orúkọ gidi nǹkan ti jẹ́ agbára lórí rẹ̀, tí ẹni tó bá sì pe òjò síbì kan ti fa ọ̀dá síbòmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Larry Niven, onímọ̀ ìṣirò, mú ọ̀rọ̀ tí Codrington gbé bọ̀ láti Melanesia. Nínú ìtàn kúkúrú kan ní 1969, babaláwo kan ṣàkíyèsí pé bí òun bá pẹ́ níbì kan, oògùn òun kì í jẹ́ mọ́. Bó bá kó lọ síbòmíràn, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́. Láti mọ ìdí rẹ̀, ó mú abọ́ bàbà pẹlẹbẹ kan, ó fi ọfọ̀ mú un yí, ó sì pàṣẹ pé kó máa yára sí i láìdúró. Abọ́ náà yí, ó pọ́n, ó lá gbogbo mana tó wà ládùúgbò gbẹ, ó fọ́ túútúú. Àṣírí tú: inú ilẹ̀ ni idán ti ń wá, ìwọ̀nba ló wà níbẹ̀, ayé sì ti ń lò ó tán. Ní October 1973, àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá tó ń wa epo rọ̀bì dín ohun tí wọ́n ń tà kù, owó epo sì fò ní ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tí Niven sọ ìtàn rẹ̀ di odindi ìwé ní 1978, The Magic Goes Away, òǹkàwé tó ti tò lórí ìlà ní ilé epo kò nílò alátúmọ̀.

Ọdún 1974 ni eré Dungeons & Dragons jáde láti ọwọ́ Gary Gygax àti Dave Arneson. Eré ń fẹ́ ìdọ́gba. Bí babaláwo bá lè ṣe ohun gbogbo nígbà gbogbo, ẹni tó mú idà kò ní ohun tó máa ṣe nídìí eré. Gygax lọ mú ìlànà Vance, ó sọ ọ́ di òǹkà: ọfọ̀ mélòó lójúmọ́ fún ẹni tó dé ìpele wo. Láti ibẹ̀ ni àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọ̀dọ́ ti kọ́ láti máa béèrè, kí wọ́n tó béèrè ohun tí idán lè ṣe, iye ìgbà tó lè ṣe é.

Ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ogún gbé ẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Nínú Northern Lights ti Philip Pullman, 1995, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rí i pé agbára ńlá ń jáde nígbà tí a bá gé ọmọdé kúrò lára ẹ̀dá tó jẹ́ ìdajì ọkàn rẹ̀. Lord Asriel fi ẹ̀mí ọmọkùnrin kan ṣí ọ̀nà lójú ọ̀run. Ní 1997, ilé iṣẹ́ Square ní Japan gbé eré Final Fantasy VII jáde. Ilé amúnáwá mẹ́jọ ló yí ìlú Midgar ká, wọ́n ń fa mako láti inú ilẹ̀, iná ń tàn, ọkọ̀ ojú irin ń sáré, ará ìlú ń gbádùn. Mako ni ẹ̀mí gbogbo ohun tó ti kú, tó yẹ kó padà sínú ilẹ̀ kó lè tún jáde wáyé. Ní 2002, àwọn tó ni Dungeons & Dragons pe ìdíje fún ayé tuntun, àbá tó lé ní 11,000 ló wọlé; Keith Baker ló gbégbá orókè, Eberron tirẹ̀ sì jáde ní 2004, ayé tí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfuurufú ti ń rìn nítorí pé wọ́n de ẹ̀mí iná àti ẹ̀mí afẹ́fẹ́ mọ́ inú wọn.

Brandon Sanderson, tó ń kọ́ni ní kíkọ ìwé ní Yunifásítì Brigham Young, tẹ Mistborn jáde ní 2006. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń gbé ìyẹ̀fun irin mì, wọ́n sì ń jó o nínú ikùn: irin ń fa irin, irin líle ń tì í, tánganran ń la ojú àti etí. Owó ẹyọ kan tí ẹnì kan jù sílẹ̀ lè tì í dé orí òrùlé. Bí owó ẹyọ bá tán lápò, ó di ará ilẹ̀. Ní 2007 ló kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀: ìwọ̀n tí òǹkàwé bá mọ̀ nípa idán ni òǹkọ̀wé lè fi idán tú ìṣòro mọ. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ náà gba òfin yìí mọ́ra kárí ayé.

N. K. Jemisin, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dáhùn láti ibòmíràn. Láàárín 2015 sí 2017 ni ìwé mẹ́ta rẹ̀ jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀bùn Hugo, 2016, 2017 àti 2018. Ilẹ̀ kan tí kì í yé mì ni ibẹ̀. Àwọn kan tí ìjọba ń bẹ̀rù tó sì ń kórìíra ló lè pa á lẹ́nu mọ́. Lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, nínú ilé kékeré tí arìnrìn-àjò kì í wọ̀, ọmọdé kan wà nínú àga, wọ́n ti so ó mọ́ ọn, wọ́n ti pa làákàyè rẹ̀, agbára inú ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ kó lè máa ṣiṣẹ́. Ìbàlẹ̀ ọkàn gbogbo ìlú wà lórí irú àga bẹ́ẹ̀.

Ní 2016, Tade Thompson, tí wọ́n bí ní London fún òbí Yorùbá, gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí Nàìjíríà nínú Rosewater. Ọdún 2066 ni, ohun àjèjì kan láti òfuurufú ti rọra jókòó sílẹ̀, ó ti ṣe òrùlé ràbàtà lé ara rẹ̀ lórí, ìlú sì ti yọ yí i ká. Iṣan ńlá méjì tó yọ jáde lára rẹ̀ ló ń fún ìlú náà ní iná mànàmáná. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni òrùlé ń ṣí, aláìsàn inú ìlú á sì rí ìwòsàn. Iná ìlú yẹn kì í lọ, ohun tí àjèjì náà sì ń gbà padà lára àwọn ènìyàn, díẹ̀díẹ̀, láìsọ fún wọn, ni ìwé náà dá lé. Ó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, rí àwòrán àwọn òrìṣà nínú ìsọ̀ kan ní Salvador, ní Bahia. Láti ibẹ̀ ni Children of Blood and Bone, 2018, ti wá. Àṣẹ ni agbára inú ìwé rẹ̀, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, ọba kan sì ti gbìyànjú láti pa á run nílẹ̀ náà. Ẹni tó bá ná an kọjá ìwọ̀n, ara rẹ̀ ló ń ná.

Wọlé Talabí, ẹlẹ́rọ, tẹ Shigidi and the Brass Head of Obalufon jáde ní 2023. Níbẹ̀, àwọn òrìṣà ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Àdúrà ni owó tó ń wọlé, ìgbàgbọ́ ni dúkìá, ọ̀gá sì ń pín in fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀. Ṣìgìdì, òrìṣà kékeré tó ń fi àlá burúkú ṣiṣẹ́, ń gba ìpín tirẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń gba owó oṣù. Nígbà tí àwọn tó ń bọ ọ́ dín kù, tí ìpín náà kò sì tó gbọ́ bùkátà mọ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Nneoma lọ ṣe iṣẹ́ àdáni.